Àyẹ̀wò ọdún mi: ọjọ́ tí kìnnìún kọ̀ tí ò dìde

Ẹ kú ìparí ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdọọdún ni mo máa ń kọ tèmi, kí n ka owó tó wọlé, kí n ka èyí tó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Tọdún yìí, ẹ jẹ́ n sáré sọ ọ́: iṣẹ́ ń lọ, lánlọ́ọ̀dù tún ti fowó kún owó ilé, ara le, Màámi ṣì ń pè mí láràárọ̀ láti bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó tán. Ọjọ́ Sátidé kan lóṣù kẹjọ ni mo fẹ́ sọ, tá a lọ wo ẹranko ní Nairobi, torí gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí n ro ọdún yìí, ibẹ̀ lọkàn mi ń sá lọ.

Ọ̀kan nínú àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń pariwo pé ẹ wá, ẹ wá. Ẹ̀gbọ́n wá láti London, èmi àti Ìyá Ìbejì wọ bàlúù láti Èkó. Mo rò pé a máa rìn títí ká tó rí nǹkan, àṣé ẹ̀gbẹ́ ìlú gan-an ni Nairobi National Park wà, 117 km², ọdún 1946 ni wọ́n ṣí i, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Kẹ́ńyà. Wọ́n ṣọgbà yí apá mẹ́ta ká, wọ́n ṣí apá gúúsù sílẹ̀ káwọn ẹranko lè máa jáde lọ sí pápá kí wọ́n sì máa padà. Ẹ máa rí àgùfọn tó ń já ewé lórí igi ẹlẹ́gùn-ún, ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀, ilé alájà gogoro ló tò síbẹ̀, rélùwéè náà tún gba orí afárá kọjá nínú páàkì yẹn.

Aago mẹ́fà ìdájí ni géètì ń ṣí, òtútù sì wà o! Ìyá Ìbejì fi ìborùn wé orí, wé etí, ó ku ojú nìkan.

Ẹranko tí mo kọ́kọ́ rí dáadáa ni ìmàdò. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bàlú jẹ́, mi ò rí ọ̀kan rí láyé mi. Ó dé ẹ̀bá ọ̀nà, ó fi orúnkún iwájú méjèèjì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ìdí ẹ̀ wà lókè, ó ń jẹ koríko, ó sì ń fi orúnkún yẹn wọ́ lọ síwájú díẹ̀díẹ̀, awọ ibẹ̀ ti yi. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ rèé, ó kúnlẹ̀ kó tó jẹun."

Ìgbà tó yá dírẹ́fà gba ìpè, ló bá yí mọ́tò padà. Kìnnìún! Akọ kan àti abo méjì, wọ́n nà gbalaja sábẹ́ igi. Dírẹ́fà pa ẹ́ńjìnnì, ó ní ká ní sùúrù, wọ́n máa dìde. Wọn ò dìde. Abo kan sún mọ́ wa débi pé mo ń rí eṣinṣin tó bà lé imú ẹ̀, ó la ojú kan, ó wò wá bí ẹni tó rí asìngbèsè lẹ́nu ọ̀nà, ó tún pa á dé. A jẹ bísíkíìtì tán, a sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tán, kìnnìún ò mira. Ibi tá a dákẹ́ sí ni Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́, jẹ́jẹ́ báyìí, pé òun ti ti ṣọ́ọ̀bù pa látèṣí, pé gbogbo aṣọ ẹbí tá a jọ ń rà yẹn, gbèsè lòun fi ń rà á, àti pé ọ̀rẹ́ wa tá a wá bá yìí ló san owó bàlúù òun. Gbogbo òde la jọ ń lọ o, a jọ ń ya fótò, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nídìí spíkà? Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ mú ẹkún dání fóònù ẹ̀ á sáré dún, kò ríbi gbà. Kìnnìún wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó gbọ́ ọ dópin, òun náà wá ń sọ tiẹ̀, èyí tí mi ò ní kọ síbí.

Nígbà tá à ń jáde a yà síbi tí wọ́n ti sun eyín erin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń pa erin láìgbàṣẹ, kẹ́nikẹ́ni má bàa rí i tà. Lọ́dún 1989 Ààrẹ Moi sun 12 tọ́ọ̀nù níbẹ̀, lọ́dún 2016 Uhuru Kenyatta sun 105. Ìjọba tiwa náà lọ 2.5 tọ́ọ̀nù lúúlúú l'Ábújà ní January 2024, ẹ ò gbọ́ ariwo ẹ̀ púpọ̀, àbí?

Àwọn erin fúnra wọn ò sí nínú páàkì yẹn, ọ̀dọ̀ Sheldrick Wildlife Trust la ti rí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ò níyàá mọ́. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí mo rí da búláńkẹ́ẹ̀tì bora, ó ń fa mílíìkì nínú ìgò. Wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fún wọn, olùtọ́jú wọn máa ń sùn tì wọ́n lóru. Ìyá Ìbejì ní, "Wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta? Kí n kí wọn kú oríire." A rẹ́rìn-ín débi pé àwọn òyìnbó ń wò wá.

Látìgbà yẹn, a ò ra aṣọ ẹbí mọ́, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fẹnu kò. Ìyá Ìbejì ti ń se oúnjẹ fáwọn ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, ọwọ́ ẹ̀ ò dilẹ̀. A tún dá àjọ, òun gan-an la fi ṣe alájọ: Yankari la fẹ́ lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ní Bauchi, tí àwọn erin ńláńlá wà, ká sì wẹ̀ nínú omi gbígbóná Wikki.

Ẹ̀gbọ́n, a ò tíì rí alert December o.