Ṣé kí n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì jíìpù Bàbá mi? Ọjọ́ márùn-ún lójú ọ̀nà Òkè-Ògùn

Gíà kẹta ni mo fi kan gẹ̀rẹ́ òkè náà. Kí a tó dé àárín rẹ̀, mo ti já a sí ìkejì, ẹsẹ̀ mi sì ti tẹ tírótù kan ilẹ̀. Ọkọ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí mo wo dígí, n kò rí ọ̀nà tí a gbà wá mọ́, èéfín búlúù ti bò ó. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti wà lẹ́yìn wa láti Kìṣí fọn fèrè, ó yà wá sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí Ìgbẹ́tì. Àbúrò mi tó jókòó tì mí kò sọ nǹkan kan. Ó ti sọ tirẹ̀ tipẹ́.

Tirẹ̀ ni pé kí a yọ ẹ́ńjìnnì dísù yìí kúrò, kí a gbé V8, ẹ́ńjìnnì oní-bẹntiróò tó ní sílíńdà mẹ́jọ, sí i.

Jíìpù tí mò ń wí yìí, Toyota Land Cruiser ni, èyí tí wọ́n ń pè ní 80, irú tó gbòde ní àwọn ọdún 1990. Bàbá mi ló ni ín. Iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi dolóògbé, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí abúlé tó jìnnà ní Òkè-Ògùn tí táyà ọkọ̀ yìí kò tẹ̀ rí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni 1HZ: sílíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, lítà 4.2, dísù pọ́ńbélé, kò ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì, kò ní bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Pọ́ǹpù tó ń ta dísù sí nọ́sù, irin ni látòkè délẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ fún un. Agbára rẹ̀ kò pọ̀, bí ẹṣin 130 ni, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Bàbá kì í fi sáré. Wọ́n á ní kò sí ibi tó gbé àwọn lọ tí kò gbé àwọn padà.

Láti ìgbà tó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ ló ti ń jẹ ọ́ìlì. Lítà kan lóṣù ló bẹ̀rẹ̀ sí jẹ, ó di lítà kan lọ́sẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń gba ọ́ìlì tó lé ní lítà mẹ́sàn-án, ẹ lè má tètè mọ̀ pé ó ti ń dín kù, àfi tí ẹ bá ń fa gééjì wò ní gbogbo òwúrọ̀.

Kí a tó kúrò ní Ìbàdàn, ọ̀gá mẹkáníìkì tó ti ń tọ́jú ọkọ̀ yìí láti ìgbà ayé Bàbá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, má tíì ná kọ́bọ̀. Máa wo èéfín rẹ̀ lójú ọ̀nà. Tó bá dúdú, oúnjẹ rẹ̀ ló pọ̀ ju èémí rẹ̀ lọ. Tó bá funfun láàárọ̀, tó sì dáwọ́ dúró nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, dísù tí kò jóná tán ni. Tó bá búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Ìgbà tó ń búlúù gan-an ni kó o wá fojú sí. Bó bá jẹ́ ìgbà tó o sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tán, tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tẹ iná, rọ́bà ìdí fáàfù ni. Bó bá jẹ́ ìgbà tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ríìngì ni, irin róbótó tó yí písítìnì ká."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù. Ọ̀yọ́-Ilé ni a ń lọ, ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Láti kékeré ni Bàbá ti ń ṣèlérí pé àwọn á mú mi débẹ̀. Jíìpù wọn ni mo fẹ́ fi lọ, mi ò fẹ́ fi ọkọ̀ ẹlòmíì lọ.

Ọjọ́ kìíní dùn. Ọ̀nà Mọníyà sí Isẹ́yìn, kìlómítà 65 tí ìjọba ìpínlẹ̀ tún ṣe, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ọkọ̀ sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní Isẹ́yìn a dúró wo àwọn ahunṣọ, òfì wọn ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ láti inú àgbàlá dé òmíràn. A gba Ìpàpó, a gba Ọ̀tu, a kọjá Tedé àti Àgọ́-Àrẹ. Ọyẹ́ mú gan-an, òòrùn pọ́n bí ẹyin lójú sánmọ̀. Ṣakí la sùn. Ẹni tí kò bá tíì jẹ àmàlà Òkè-Ògùn nílé àwọn tó ń gún èlùbọ́ rẹ̀ kò tíì jẹ àmàlà, mo sọ ọ́, mi ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èéfín funfun. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti Ṣakí la ti bọ́ sí ọ̀nà erùpẹ̀, a gba Àgọ́-Àmọ̀dù àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Eruku pupa yẹn, ẹ ò lè sá fún un. Ó wà létí wa, ó wà nínú búrẹ́dì tí a dì sínú ọ̀rá, tí a tún dì sínú báàgì. Nígbà tí a dé Ìgbòho, a sọ̀ kalẹ̀ kí Igbó Ọba, níbi tí wọ́n sin Aláàfin mẹ́rin sí nígbà tí Ìgbòho fi jẹ́ olú-ìlú. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ohùn ẹ́ńjìnnì tí mo fi sílẹ̀ kó máa yí lábẹ́ igi ni mò ń gbọ́ láti inú igbó náà, ó ń kọ́ bí àgbàlagbà tí ọ̀fìnkìn mú. Ojú tì mí níwájú àwọn tó mú wa wọlé, mo lọ pa á.

Nígbà tó fi máa di òkè Ìgbẹ́tì lọ́jọ́ kẹta, mo ti ní ìdáhùn ọ̀gá lọ́wọ́: ó ń búlúù nígbà tó bá ru ẹrù gun òkè. Ríìngì ni. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo rò pé àbúrò mi ti jàre.

Lábẹ́ igi máńgòrò kan ní Ìgbẹ́tì la ti rí mẹkáníìkì, ọmọkùnrin tí kò tíì lè ju ọmọ ọdún 25 lọ. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n má pa ẹ́ńjìnnì, ó tú ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Afẹ́fẹ́ ń ti ọwọ́ rẹ̀ pù-pù-pù. Ó ní ooru iná tó yẹ kó ti písítìnì sísàlẹ̀ ló ń jò gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì kọjá. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tọ ọ̀nà afẹ́fẹ́, láti ilé fíltà, títí dé ibi tí rọ́bà ńlá tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ́ńjìnnì ti tẹ̀ kọrọ. Ó fi ìka wá abẹ́ rẹ̀, ibi tí ojú kò tó. Ó yọ rọ́bà náà, ó ti ìka bọ inú rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Àǹtí, ẹ wo ọwọ́ mi."

Ó pupa. Eruku Òkè-Ògùn, èyí tó kúnná bí àtíkè, ló lẹ̀ mọ́ inú rọ́bà tó yẹ kó mọ́ tónítóní. Lábẹ́ rẹ̀ ni sísán kan wà tó gùn tó ìka méjì, lẹ́yìn fíltà. Afẹ́fẹ́ tó ń gba fíltà kọjá mọ́, èyí tó ń gba sísán wọlé ń kó iyanrìn lọ bá ríìngì. Ta ló mọ ọdún tó ti wà bẹ́ẹ̀. Fíltà ni à ń pààrọ̀ lọ́dọọdún, kò sẹ́ni tó gbé rọ́bà sókè wò.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ká ní mo ti gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn síbẹ̀, 1HZ tòkunbọ̀ tó yá gágá, tí mo wá fi rọ́bà yìí kan náà sí i, torí ojú kò rí ohun tó ṣe é lókè. Òun náà ì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iyanrìn ní ọjọ́ tí mo bá kọ́kọ́ gbé e kọjá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ì bá pa á, èmi ì bá sì máa sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.

Ọmọkùnrin náà gé rọ́bà inú táyà ọ̀kadà, ó fi yí ojú sísán náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi kílíìpù méjì dè é. Kò gba iṣẹ́jú ogún. Ohun tó ń gbé nínú àpótí rẹ̀ kò ju sípánà, súkúrúdíráífà àti òòlù lọ, òun ló sì gbà wá.

Lọ́jọ́ kẹrin àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà mú wa wọ Ọ̀yọ́-Ilé. Inú ọgbà Old Oyo National Park ló wà, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Ipa ọ̀nà ni wọ́n ń pè é, òkúta àti kòtò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo fi ọkọ̀ sí gíà kékeré, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tírótù pátápátá, ẹ́ńjìnnì ogbó yẹn sì ń fà wá lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ìsàlẹ̀ odò gbígbẹ, ó ń gòkè sódì kejì, láìkọ́sẹ̀. Dísù a máa lágbára ní ìsàlẹ̀ báyẹn, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Níbẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí Bàbá fi yàn án.

Ohun tó kù nínú ìlú náà kò pọ̀ fún ojú tó ń wá ilé gogoro. Òkìtì odi ìlú ni, àpáàdì ìkòkò káàkiri ilẹ̀, igi oṣè. Hugh Clapperton, aláwọ̀ funfun tó débẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1826, bá ọba lórí ìtẹ́ àti ìlú tó kún. Kò pé ọdún mẹ́wàá ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà tí gbogbo rẹ̀ túká. Mo dúró lórí odi náà pẹ́. Àbúrò mi ṣa àpáàdì kan, ó wò ó, ó dá a padà síbi tó ti mú un gẹ́lẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la jọ sọ ọ̀rọ̀ V8 dé ìdí. N kò fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ, ohun tó ń sọ ní ìtumọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ní lọ́kàn, 2UZ lítà 4.7 tó wà nínú Land Cruiser 100, kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù kankan yà wá sílẹ̀. Ó wà ní ọjà Ládìípọ̀ l'Ékòó ju 1HZ lọ. Kì í pariwo. Ká ní Èkó sí Ìbàdàn ni mò ń fi ọkọ̀ yìí rìn, màá gbà fún un.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ni ẹ ó rà. Gíà tirẹ̀ á tẹ̀ lé e, nítorí ti dísù kò ní bá a mu. Bréènì bọ́ọ̀sì rẹ̀ àti odindi ìdì wáyà á tẹ̀ lé e, rewáyà tó mọ̀ ọ́n á sì máa gbówó. Pọ́ǹpù bẹntiróò á wọ inú táǹkì, sáléńsà á di tuntun, ẹ ó gé sáfùtù, ẹ ó tún un jó. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó wà lórí ìwé ọkọ̀ kò ní bá èyí tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mu mọ́, àfi tí ẹ bá lọ tún ìwé ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dá yín dúró. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo sì ti lọ, bẹntiróò kì í ṣe ohun tí à ń fi í ṣeré mọ́. Dísù náà wọ́n, mo mọ̀, àmọ́ lítà 12 ni tiwa ń mu ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà.

Mo bi í léèrè kan ṣoṣo: tí bréènì bọ́ọ̀sì bá kú lẹ́yìn Ìgbẹ́tì, ṣé ọmọ abẹ́ igi máńgòrò yẹn á lè jí i? Ó dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Tọ́bò ńkọ́?" Mo ní àwọn kan ń so tọ́bò mọ́ 1HZ lóòótọ́, ó sì ń fún un lágbára, àmọ́ ooru rẹ̀ pọ̀, wọn ò sì ṣe písítìnì rẹ̀ fún irú ooru bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀ kọ́ ni a ó dán ìyẹn wò lórí rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Ìbàdàn, èmi àti ọ̀gá lọ sí Àràrọ̀mí, ní Agodi-Gate, bóyá a ó rí 1HZ tòkunbọ̀. Méjì la rí. Wọ́n ti kun ọ̀kan ní ọ̀dà tuntun. Ọ̀gá ṣí ìdérí ọ́ìlì rẹ̀, ó fi ìka wọ́ inú rẹ̀, ọ̀rá dúdú tó nípọn bí oyin ló bá jáde. Ìkejì mọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá àti bí wọ́n ṣe lò ó. Ọ̀gá ní, "Èyí tó wà nílé, èmi mọ gbogbo àìsàn tó ti ṣe é."

La bá tú tiwa. Sílíńdà karùn-ún àti ìkẹfà ló burú jù, iyanrìn ti ha ògiri wọn wálẹ̀wálẹ̀, èékánná mi ń kọ́ nínú rẹ̀. Kráńkì, ọ̀pá tí písítìnì ń yí, kò ní nǹkan kan, ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tí mo rí i. Àwọn oníléètì gbẹ́ sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fẹ̀ díẹ̀ sí i, a ra písítìnì àti ríìngì tó tóbi dé ìwọ̀n náà, a pààrọ̀ bíárìn àti rọ́bà ìdí fáàfù, a gbé nọ́sù lọ fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Bẹ́líìtì táímìn tuntun, ìyẹn tí kò yẹ kó kọjá kìlómítà 100,000 kí a tó yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà. Owó rẹ̀ kò kéré, àmọ́ kò tó ìdajì ohun tí V8 yẹn ì bá jẹ.

Rọ́bà afẹ́fẹ́ tuntun ni a fi sí i gbẹ̀yìn. Méjì ni mo rà. Ìkejì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, pẹ̀lú kílíìpù mẹ́rin, torí òpin oṣù yìí la ń lọ gun òkè Adó-Àwáyè, àbúrò mi ló sì máa wa ọkọ̀.