Ìbọn ìléwọ́ tí àbúrò mi fẹ́ rà

Àbúrò mi tó ń gbé ní Texas pè mí lórí fóònù ní Àkúrẹ́ níbí. Torí mo ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, ó bi mí: ìbọn ìléwọ́ tó ń lo ọta .380 ni kí òun rà ni àbí èyí tó ń lo ọta 9mm? Mo ní 9mm. Ọta rẹ̀ wọ́pọ̀, agbára rẹ̀ sì ju ti .380 lọ. Ṣùgbọ́n kó má wo ìfúyẹ́ nìkan o! Bí ìbọn bá ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe máa ta ọwọ́ sẹ́yìn tó. Nínú àwọn ìbọn ìléwọ́ 9mm tí ilé iṣẹ́ Glock ń ṣe, Glock 43 tó kéré ń gba ọta 6, Glock 19 tó tóbi jù ú lọ ń gba 15, ó sì kún ọwọ́ dáadáa. Kó kọ́kọ́ yìn ín wò, kó sì ra àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ nítorí àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ má dán an wò níbí: òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ sí èèwọ̀, àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún níwèé àṣẹ.