Ọkọ̀ apẹ̀rẹ̀ orí odò Thu Bồn: ẹ wo àjẹ̀ kí ẹ tó wo ijó

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí lórí fóònù nípa ọkọ̀ apẹ̀rẹ̀ Vietnam ni ọkùnrin kan tó dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀, tí ọkọ̀ ń yí bí òkòtó, tí orin ń dún kíkankíkan lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe irọ́, ó wà níbẹ̀. Àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni nínú bíi wákàtí kan téèyàn máa ń lò lórí omi, òun sì kọ́ ló yẹ kó gbé èèyàn débẹ̀. Ọkọ̀ yẹn gan-an, tó rí róbótó bí igbá, tí kò níwájú tí kò lẹ́yìn, àti àjẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, ni nǹkan tó yẹ kéèyàn tẹjú mọ́.

Hội An ni ìlú tí àwọn àlejò ti sábà máa ń wọ̀ ọ́, láàárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà. Ọdún 1999 ni UNESCO kọ ìlú àtijọ́ ibẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Odò Thu Bồn ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá, ó sì ń já sínú òkun ní Cửa Đại. Kó tó débẹ̀ ni Cẩm Thanh wà, nǹkan bíi kìlómítà 4 sí 5 sí ìlú àtijọ́, níbi tí igbó ọ̀pẹ Bảy Mẫu ti bo ojú omi. Pápákọ̀ òfurufú tó sún mọ́ ọn jù ni ti Đà Nẵng, ó tó kìlómítà 30. Bí ẹ bá rí i tí àwòrán ilẹ̀ kan kọ Quảng Nam, tí òmíràn kọ Đà Nẵng, ẹ má dààmú: láti July 2025 ni wọ́n ti da ìpínlẹ̀ Quảng Nam pọ̀ mọ́ Đà Nẵng. Ìkan tún wà táwọn èèyàn máa ń kó pọ̀. Ọkọ̀ Tam Cốc àti Tràng An ní Ninh Bình, lápá àríwá, kì í ṣe ọkọ̀ apẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ gbọọrọ pẹrẹsẹ nìyẹn. Ti Tam Cốc ni wọ́n sì máa ń fẹsẹ̀ tù. Ẹni tó bá sanwó síbẹ̀ torí apẹ̀rẹ̀ ti ṣìnà.

Ọ̀pẹ tó wà ní Bảy Mẫu kò dà bí èyí tí ojú wa mọ̀. Igi rẹ̀ kì í yọ sókè. Abẹ́ ẹrẹ̀ ló ń rìn gba ilẹ̀, imọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń ta jáde látinú omi, tó sì máa ń ga ju ilé lọ. Ibi tí omi odò àti omi iyọ̀ ti ń pàdé ló fẹ́ràn. Wọ́n ń fi imọ̀ yìí bo ilé, iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n sì mọ Cẩm Thanh mọ́ ni kíkọ́ ilé pẹ̀lú ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ. Lákòókò ogun tí wọ́n bá Faransé jà àti èyí tí wọ́n bá Amẹ́ríkà jà, inú igbó yìí làwọn ajàjàgbara ń fara pa mọ́ sí. Ẹni tó bá ti wọ ojú omi tóóró tó wà láàárín imọ̀ wọ̀nyẹn máa mọ ìdí rẹ̀: ọkọ̀ mìíràn lè wà ní ìwọ̀n mítà mẹ́wàá sí yín kẹ́ ẹ má rí i.

Nípa ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò ni pé nígbà ìjọba Faransé, wọ́n ń gba owó orí lórí ọkọ̀ ojú omi, làwọn apẹja bá hun èyí, wọ́n ní apẹ̀rẹ̀ lásán ni. Ìtàn náà dùn. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá wo etí òkun ibẹ̀, ẹ máa rí ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ú lọ. Yanrìn ló lọ gbọọrọ, èbúté kò sí ní ọ̀pọ̀ ibi, ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ ilẹ̀. Ó máa dúró lórí ibú, apẹ̀rẹ̀ láá sì máa kó èèyàn, àwọ̀n àti ẹja lọ bọ̀. Kò wúwo, èèyàn méjì á gbé e. Kì í rì sísàlẹ̀ púpọ̀, nítorí náà kì í tètè fìdí kọ yanrìn. Nígbà tí ìgbì bá sì kọlù ú, ọparun rẹ̀ á rọ̀ fún un, á gùn ún kọjá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ọparun tí kò kéré jù, tí kò sì gbó jù ni wọ́n ń gé: èyí tó kéré, kòkòrò á jẹ ẹ́, á sì sún kì; èyí tó gbó jù á ṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á là á sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á sá a, wọ́n á hun ún bí ẹní ńlá kan. Wọ́n á wá fi ẹní yìí lé orí òbírípo ọparun tàbí ihò rogodo tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí á fi jìn bí igbá. Etí rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi òbírípo ọparun tó nípọn há, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde, tí wọ́n á fokùn dì í pinpin. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tó ń ya àlejò lẹ́nu dé: ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n ń rẹ́ mọ́ ọn lára kó lè dí gbogbo àlàfo. Tó bá ti gbẹ, wọ́n á fi oje igi tí wọ́n ń pè ní dầu rái kùn ún, wọ́n á sá a, wọ́n á tún kùn ún. Oje yìí ni kì í jẹ́ kómi wọlé. Kò sì ní òórùn kankan mọ́ tó bá gbẹ tán, ẹ fọkàn balẹ̀. Ibi tó ti máa ń jò ni ibi tí oòrùn bá ti sán oje náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dojú apẹ̀rẹ̀ délẹ̀ sábẹ́ ìbòòji, tí wọ́n sì ń tún un kùn látìgbàdégbà. Lóde òní, ọ̀pọ̀ tó ń kó àlejò ni wọ́n ti fi fáíbà ṣe tàbí tí wọ́n fi fáíbà bo ara rẹ̀. Ẹ tẹ inú rẹ̀ wò: bí ẹ bá rí ojú híhun ọparun, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tó ti gbó, èyí tí wọ́n fọwọ́ hun nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká dé orí wíwà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà fún àlejò fẹ̀ tó mítà 1.5 sí 2, àlejò méjì àti atukọ̀ kan ló sì máa ń gbé. Ẹni tó bá ti tu ọkọ̀ gbọọrọ rí ló máa kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe: á ki àjẹ̀ bọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́, á fà á sẹ́yìn, ọkọ̀ á sì yí po lójú kan. Kò sí bí kò ṣe ní yí, torí pé kò ní ìdí gbọọrọ tó máa dì í mú sí ọ̀nà kan. Ohun tí atukọ̀ ń ṣe ni pé á dojú kọ ibi tó ń lọ, á na àjẹ̀ síwájú rẹ̀ gan-an, á rì í sómi lóòró, á wá máa gbá a sọ́tùn-ún, sósì, láìyọ ọ́ kúrò nínú omi. Ẹ wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń gbá a lọ sọ́tùn-ún, á dà á díẹ̀ kí ojú pẹrẹsẹ rẹ̀ lè máa ti omi wá sábẹ́ ọkọ̀. Tó bá ń bọ̀ sósì, á tún un dà sí ìdàkejì. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé orí àjẹ̀ náà, òǹkà 8 tó dùbúlẹ̀ ló ń yà sínú omi. Wọn kì í ti ọkọ̀ náà látẹ̀yìn. Àjẹ̀ ló ń fà á lọ síwájú.

Bí wọ́n bá fún yín láyè láti dán an wò (tí ẹ bá béèrè, wọ́n sábà máa ń gbà), nǹkan mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ dí yín lọ́wọ́. Bí ọwọ́ bá gbá jìnnà jù sápá kan, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí apá kejì. Ẹ dín bí ẹ ṣe ń gbá a kù, kó má ju fífẹ̀ èjìká lọ. Bí ẹ bá gbàgbé láti da ọrùn ọwọ́, ẹ máa ru omi gùdù, ọkọ̀ kò sì ní kúrò lójú kan. Èyí tó kẹ́yìn, bí ẹ bá yọ àjẹ̀ jáde láti sinmi, atẹ́gùn á gbé yín lọ síbi tó bá wù ú, torí ọkọ̀ tó ga lójú omi tí kò sì rì sísàlẹ̀ kì í bá atẹ́gùn jiyàn. Ọ̀nà mìíràn tún wà táwọn apẹja ń lò nígbà tí kò bá sí àjẹ̀ lọ́wọ́: wọ́n á dúró, wọ́n á máa fẹsẹ̀ mi ọkọ̀ títí á fi máa sún síwájú. Ibẹ̀ ni ijó tí ẹ rí lórí fóònù ti ṣẹ̀ wá.

Wíwọ̀ àti bíbọ́ sílẹ̀ ni èèyàn ti ń ṣubú, kì í ṣe àárín odò. Ẹ má tẹ etí ọkọ̀ rárá. Kí atukọ̀ di etí rẹ̀ mú mọ́ pẹpẹ, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sí àárín gbùngbùn, kí ẹ tẹ̀ ba, kí ẹ sì jókòó lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin méjì ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá ti jókòó, ọkọ̀ yìí kì í dédé dojú dé. Ohun tó lè dà á ni kí àwọn méjì jọ sáré tẹ̀ sápá kan náà torí kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó máa wà, kí ẹ so gbogbo okùn rẹ̀. Omi díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ kò fi hàn pé ọkọ̀ ń jò, etí àjẹ̀ ló sábà máa ń ṣẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ má gbé báàgì sílẹ̀ sínú ọkọ̀, ẹ gbé e lé itan.

Lójú ọ̀nà, wọ́n á fún yín ní igi kékeré tí wọ́n so okùn àti oúnjẹ díẹ̀ mọ́. Ẹ máa fì í níwájú ihò akàn, ní ìdí ọ̀pẹ. Akàn náà á fi ọmọga gbá a mú, ẹ á rọra gbé e sókè. Tí ẹ bá já a lójijì, á jù ú sílẹ̀. Wọn kì í jẹ ẹ́, wọ́n á dá a padà. Atukọ̀ á tún fi ewé ọ̀pẹ hun òrùka, adé tàbí tata fún yín, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti parí rẹ̀ kí ẹ tó rí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dé ibi gbalasa níbi tí ọkùnrin kan á ti ju àwọ̀n, tí ẹlòmíràn á sì ti máa fi ọkọ̀ jó pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Orin Korea ni ẹ máa gbọ́ jù, torí àlejò láti ibẹ̀ pọ̀. Wọ́n lè pè yín kí ẹ wọ ọkọ̀ tó ń yí. Aboyún, ẹni tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń dùn àti ẹni tí òòyì máa ń kọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Owó ẹ̀bùn ni wọ́n ń retí níbẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ fún wọn kò jẹ gbèsè.

Owó wá. Iye ọkọ̀ ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì béèrè bóyá fún ọkọ̀ ni àbí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. 150,000 sí 200,000 dong (owó Vietnam) fún ọkọ̀ kan ni ẹ sábà máa gbọ́ létí omi, owó ìwọlé abúlé sì lè yàtọ̀ sí i. Ètò táwọn ilé ìtura ń tà sábà máa ń kó ọjà, ọkọ̀ àti ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè pọ̀. Ó rọrùn, àmọ́ àkókò orí omi máa ń kéré nínú rẹ̀. Ẹni tó fi alùpùpù tẹ̀ lé yín láti ojú títì, tó ní kí ẹ máa tẹ̀ lé òun, ibi tí wọ́n ti máa san nǹkan fún un ló ń mú yín lọ. Ẹ ṣọ́ra fún owó aláwọ̀ búlúù: 20,000 àti 500,000 jọra wọn gan-an, pàápàá tọ́wọ́ bá tutù. Ẹ ya kéékèèké sọ́tọ̀ sápò mìíràn fún ẹ̀bùn. Ọ̀pọ̀ atukọ̀ jẹ́ àgbàlagbà, wọ́n sì ń fi orúkọ ẹbí pe ara wọn bíi tiwa. Ẹ pe obìnrin tó tó ìyá yín ní cô, ọkùnrin tó tó àbúrò bàbá yín ní chú, ẹ máa rí i bí ojú wọn ṣe máa yọ̀.

Agogo 7 sí 8 àárọ̀ ló dáa jù. Tó bá ti di àárín òwúrọ̀, bọ́ọ̀sì á ti dé, ọkọ̀ á so mọ́ra wọn, orin á bo gbogbo ilẹ̀. Lẹ́yìn agogo 3 ọ̀sán náà kò burú. Ẹ bi wọ́n léèrè bí omi ṣe rí: tí omi òkun bá ti fà, ojú omi tóóró á di ẹrẹ̀, ojú odò gbalasa nìkan ni wọ́n á lè gbé yín gbà. February sí August ni ẹ̀ẹ̀rùn. October àti November ni omíyalé máa ń ṣẹlẹ̀ ní Hội An, wọ́n sì lè dá ìrìn dúró. Akẹtẹ̀, omi mímu, oògùn ẹ̀fọn àti ike tí wọ́n fi ń bo fóònù tó.

Ẹni tó bá wá fẹ́ rí apẹ̀rẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀, láìsí orin, kó lọ sí etí òkun Mân Thái ní Đà Nẵng kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àwọn apẹja á ti máa ti apẹ̀rẹ̀ wọn gòkè yanrìn, ọkọ̀ ńlá á dúró sójú ibú, àwọn obìnrin á sì ti máa ná ẹja lórí yanrìn níbẹ̀. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ kàn má dúró sójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé ọkọ̀.