Fídíò tí mo fẹ́ pa rẹ́

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù Ọ̀pẹ, 2025

Láti àárọ̀ ni fóònù mi ti ń sọ pé àyè ti tán. Nígbà tí mo jẹun ọ̀sán tán, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní kí n yẹ àwọn fídíò wò kí n lè pa díẹ̀ rẹ́. Àṣé gbogbo òde orin tí mo lọ lọ́dún yìí ló kóra jọ síbẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí, mẹ́ta péré ni mo tíì pa.

Ti oṣù Èrèlé ló ṣáájú, ní New Afrika Shrine, Ìkẹjà. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ tí Fẹ́mi Kútì àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ìgbáradì níṣojú gbogbo ayé, láìgba owó ìwọlé. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe lójú ẹni. Orin á dé ibi tó dùn létí tèmi, wọ́n á dá a dúró, àwọn tó ń fọn fèrè á tún ìlà kan náà fọn lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọkùnrin tí wọ́n bí ní 1962, tó ti fi ohùn kan ṣoṣo fọn fèrè fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 50 rí, ṣì ń ṣe ìgbáradì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Mo padà lọ ní oṣù Ọ̀wàrà fún Felabration, àjọ̀dún tí Yẹni Kútì dá sílẹ̀ ní 1998 ní ìrántí bàbá wọn. Èrò pọ̀ bí eéṣú, inú mi sì dùn pé mo lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, ti Ọjọ́bọ̀ yẹn ni n óò mú.

Ti oṣù yìí ni mo kọ́kọ́ pa rẹ́. Aago méje alẹ́ ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago mẹ́ta òru kù díẹ̀ kí olórin tó jáde, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló sì ń kọrin fún un. Ó dùn mí gan-an, nítorí àwọn ọmọdé wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé owó tí wọ́n tù jọ ni wọ́n fi wá.

Mi ò lè pa ti àpàlà rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkùnkùn biribiri ni. Ní àgbàlá kan n'Ìbàdàn ni, lóṣù Agẹmọ. Jẹnẹrétọ̀ kú láàárín orin. Olórin jókòó síbi tó wà, kò dákẹ́, àwa la gbé àga wa sún mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ bí ohùn agídìgbo ṣe rọ̀ tó, àní mò ń gbọ́ èékánná alágídìgbo lára irin rẹ̀.

Èyí tí mo ti wò tó ìgbà mẹ́wàá lónìí ni ti oṣù Òkúdu. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìlọrin, pé ọgọ́rin ọdún, a sì gbé jùjú lọ sí Ọ̀fà. Bàbá mi kì í jó. Wọ́n jókòó ti ọ̀pá wọn. Onígángan rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú wọn, ó há ìlù mọ́ abíyá, ó ń fún ọsán rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí awọ. Ó ní, Ìyèrú Ọ̀kín, Ọlọ́fà Mọjọ̀. Ó pe bàbá mi ní Àkànní. Lẹ́yìn náà ló wá pe Àlàó, bàbá tó bí wọn, tó ti kú kí n tó dáyé. Mo rí i tí ètè bàbá mi ń mì, wọ́n ń dá ìlù lóhùn. Wọ́n yọ owó, wọn ò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú, wọ́n fi í sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n sì di ọwọ́ náà mú títí ìlù fi dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé fídíò náà fún wọn. Wọ́n gbé fóònù sétí, wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò pè mí."

Nírọ̀lẹ́ yìí mo pè wọ́n láti sọ pé a ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi, oṣù Igbe. Wọn ò tíì béèrè ibi tí a ó ti ṣe é tí wọ́n fi ní, "Onígángan yẹn ńkọ́? Ṣé o ní nọ́ńbà rẹ̀?" Mi ò ní in. Mo tẹ Ìyá Ìlọrin láago. Wọ́n ní ó wà nínú ìwé ìnáwó ọjọ́ ìbí àwọn, pé àwọn á wá a jáde lówùúrọ̀ ọ̀la.