Aago Ṣáájú Máàpù: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ayò Ogun

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má tíì ya máàpù. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ ayò ogun (ayò orí máàpù tí a fi ń tún ogun àtijọ́ jà) jẹ́ ni pé orí ilẹ̀ ni ẹni tó ṣe é ti bẹ̀rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ láti orí aago. Ẹ kọ́kọ́ kọ ogun náà sílẹ̀ ní wákàtí-wákàtí: ta ló ti dé, ibo ló wà, àṣẹ wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo Waterloo, ogun tí Napoleon, olú-ọba Faransé, bá Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, jà ní ọjọ́ 18, oṣù kẹfà, ọdún 1815. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ di ẹrẹ̀, ìbọn àgbá ò ṣeé wọ́, ni Napoleon bá dúró títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá àbọ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí aago mẹ́rin àbọ̀, àwọn ọmọ ogun Prussia, tí wọ́n wá ran Wellington lọ́wọ́, ti já lù ú ní apá ọ̀tún, níhà abúlé Plancenoit. Bí ìyípo kan (ìgbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ti ta tiwọn lẹ́ẹ̀kan) bá jẹ́ ìṣẹ́jú 30, ìyípo mẹ́wàá péré ló ní láti fi fọ́ Wellington. Inú mẹ́wàá yẹn ni gbogbo ayò náà wà.

Ìrìn ni ọ̀pọ̀ yín ti máa ń ṣìṣe. Ká ní ilé onígun mẹ́fà kọ̀ọ̀kan tí a pín máàpù sí jẹ́ mítà 200. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tó ń rin mítà 75 ní ìṣẹ́jú kan á kọjá ilé 11 nínú ìyípo kan. Ẹ má fún un ní 11 o! Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kì í rìn láìdúró: wọ́n ń retí àṣẹ, wọ́n ń to ìlà, wọ́n tún ń tún un tò. Ilé 4 tó, kí ilé tó jẹ́ ẹrẹ̀ sì gba ìrìn méjì. Bí ẹ bá fún un ní 11, àwọn Faransé á ti wà lẹ́yìn Wellington ní ìyípo kejì, ẹgbẹ́ tí ó fi pa mọ́ sẹ́yìn ò ní wúlò fún nǹkan kan.

Ohun tó tún le jù ni ohun tí ọ̀gágun ò mọ̀. Grouchy, ọ̀gágun Napoleon tó kó nǹkan bí 33,000 ọmọ ogun lọ lépa Prussia, wà ní ìlú Wavre. Napoleon ò mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ dé, Grouchy ni tàbí Prussia. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ayò yín ti ka ìtàn. Bí Prussia bá ń wọlé ní ìyípo 11 ní gbogbo ìgbà, á ti kó èèyàn lọ dè wọ́n ní Plancenoit láti òwúrọ̀. Ẹ jẹ́ kí dáìsì pinnu: ní ìyípo 9, 6 nìkan ló ń mú wọn wọlé, ní ìyípo 10, 5 tàbí 6, ní 11, láti 4 lọ sókè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di 14, tí wọ́n á dé dandan. Tí ìyípo 11 bá fi máa parí, ó ti tó ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún pé wọ́n ti dé.

Ní ti ìjà, dáìsì méjì ni kí ẹ lò bí àbájáde tó burú gan-an bá wà nínú tábìlì ìjà yín (àtẹ tó ń sọ ohun tí nọ́ńbà dáìsì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí). Pẹ̀lú dáìsì kan, 6 ń jáde lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́fà. Pẹ̀lú méjì, 12 ń jáde lẹ́ẹ̀kan nínú 36.

Tó bá di ìdánwò, ẹ gbé ìwé òfin fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Bí Napoleon bá borí ní gbogbo ìgbà, dáìsì Prussia ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà, kì í ṣe tábìlì ìjà. Nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó tún un ta.