Àwo Tíì Hagi Kan Tí Ó Ń Jò: Àkọsílẹ̀ Oṣù Mẹ́jọ

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gbé ní ìlú Fukuoka ní Jàpáànì, ọdún kejì sì rèé tí mo ti ń ṣa àwo tíì jọ, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní chawan. Mẹ́fà péré ni mo ní. Àwo tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ife tí a ń fi ìka kọ́ létí. Ẹnu rẹ̀ máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12, ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń gbé e, inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń po matcha, ìyẹn ewé tíì tí wọ́n lọ̀ kúnná bí èlùbọ́, pẹ̀lú omi gbígbóná àti ohun èlò ọparun kan tí ó jọ ìjábẹ̀ tí a fi ń já ewédú. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé, àwo Hagi, ìyẹn irú àwo amọ̀ tí a fi orúkọ ìlú Hagi ní Jàpáànì pè, nítorí pé òun ni ó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù, òun náà ni mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́.

Ọjọ́ 13, oṣù kẹrin

Ọjà àlòkù ni mo ti rí i, lórí aṣọ tí ìyá àgbàlagbà kan tẹ́ sílẹ̀, láàárín abọ́ ìjẹun àti ohun ìṣeré ọmọdé. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ògì bàbà tí a ti da mílíìkì sí. Àpótí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sí, nítorí mo mọ̀ pé ara ìdérí àpótí igi kiri ni amọ̀kòkò máa ń kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ àti orúkọ ara rẹ̀ sí, tí yóò sì lu èdìdì pupa mọ́ ọn. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Oníbàárà mi, ẹ kò ní fi àpótí mu tíì. Ẹ yí àwo dojú dé."

Mo yí i dojú dé. Ìdí ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ti ń dá àwo mọ̀, nítorí pé ọ̀dà dídán, èyí tí ó ń yọ́ di dígí nínú iléru, kì í sábà dé ibẹ̀, amọ̀ á sì wà ní ìhòòhò. Amọ̀ ti èyí rí ṣákaṣàka, iyanrìn wẹ́wẹ́ hàn nínú rẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀bẹ gé ibì kan kúrò lára òrùka tí ó fi jókòó, bí ẹnu ọmọdé tí eyín kan yọ. Kiri-kōdai ni wọ́n ń pe gígé yìí, ó sì wọ́pọ̀ lára iṣẹ́ Hagi. Àwọn kan ń pìtàn pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ba àwo jẹ́ díẹ̀ kí mẹ̀kúnnù lè rí i rà, nítorí pé ti olóyè ni èyí tí ó pé. Èmi kò gbà á gbọ́, nítorí àwọn àwo Kòríà tí ó ṣáájú Hagi ní irú rẹ̀ lára.

Mo san 6,500 yẹ́nì. Orúkọ orí àpótí kò bá èdìdì ìdí àwo mu. Àpótí àwo mìíràn ni wọ́n gbé e sí. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n bára mu ni, owó rẹ̀ ìbá ti ju agbára mi lọ.

Ọjọ́ 15, oṣù kẹrin

Mo po tíì àkọ́kọ́: gíráàmù méjì matcha, omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, nǹkan bíi mìlílítà 70. Mo gbé àwo sórí tábìlì kí n lọ gbé ìpápánu, nígbà tí n óò fi padà dé, omi ti yí ìdí rẹ̀ ká. Mo rò pé ó ti là ni. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i nínú àti lẹ́yìn, n kò rí ibi tí ó là.

Ẹni tí ó bá ti pọn omi sínú àmù tuntun rí yóò ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Amọ̀ Hagi, tí èyí tí wọ́n ń pè ní Daidō pọ̀ nínú rẹ̀, kì í jiná dé ibi tí yóò fi dì pátápátá. Ó ń ní ihò tín-ín-tìn-ìn bí ara àmù tí ń làágùn. Ọ̀dà orí rẹ̀ náà ń sán ní ìlà wẹ́wẹ́ bí ó ti ń tutù, nítorí pé òun àti amọ̀ kì í sún kì bákan náà. Inú àwọn ìlà wọ̀nyẹn ni omi ń gbà wọlé, tíì á sì bá a wọlé, á máa yí àwọ̀ àwo padà díẹ̀díẹ̀ títí ọdún á fi gorí ọdún. Ohun tí àwọn ará Jàpáànì ń pè ní ìyípadà méje Hagi nìyẹn. Ohun tí mo rò pé ó jẹ́ àbùkù gan-an ni àwọn ẹlòmíràn ń tìtorí rẹ̀ rà á.

Síbẹ̀, tábìlì mi kò gbọdọ̀ rà. Mo gbé àwo náà sínú omi tí mo fi ṣan ìrẹsì, mo fi iná jẹ́jẹ́ sè é fún ogún ìṣẹ́jú, mo sì jẹ́ kí ó tutù sínú rẹ̀ kí èròjà ìrẹsì lè dí àwọn ihò náà. Àwọn amọ̀kòkò wa nílé ní irú ọgbọ́n yìí, tí wọ́n fi ń wọ́n omi èèpo igi sára ìkòkò bí ó bá ti ń gbóná jáde nínú iná. Jíjò náà dín kù, kò tán.

Ọjọ́ 18, oṣù karùn-ún

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Karatsu, ìlú mìíràn tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ amọ̀. Àwọn olólùfẹ́ tíì máa ń sọ pé Raku ni èkíní, Hagi ni èkejì, Karatsu ni ẹ̀kẹta. Raku ti Kyoto, tí amọ̀kòkò Chōjirō bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀gá tíì Sen no Rikyū kí Rikyū tó kú ní 1591, kì í lo kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò tí ń yí amọ̀. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, bí àwọn ìyá wa ti ń mọ ìkòkò. Owó rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi. Hagi àti Karatsu ni mo lè sún mọ́, ọmọ ìyá sì ni wọ́n: nígbà tí Toyotomi Hideyoshi, alákòóso Jàpáànì, gbógun ti Kòríà ní 1592, tí ó tún padà lọ ní 1597, ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò ni àwọn olóyè rẹ̀ kó lẹ́rú bọ̀, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì dá iṣẹ́ Hagi sílẹ̀, tí wọ́n mú kí iṣẹ́ Karatsu gbòòrò.

Àwo tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún jù nínú gbogbo àwo tíì, Kizaemon, tí ó wà ní Kohō-an nínú tẹ́ńpìlì Daitoku-ji ní Kyoto, abọ́ Kòríà lásán ni. Wọ́n ní 550 ryō, owó wúrà àtijọ́ ní Jàpáànì, ni olóyè Matsudaira Fumai fi rà á ní 1775, àti pé eéwo ń yọ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ni ín lára. Mo yẹ ara mi wò nígbà tí mo kọ èyí. N kò rí nǹkan.

Ọjọ́ 29, oṣù kẹfà

Àṣìṣe mi rèé, èmi nìkan ni ó ṣẹ̀. Òjò àkókò yìí kì í dá, afẹ́fẹ́ ilé tutù rinrin. Mo lo àwo ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo nù ún, mo sì dá a padà sínú àpótí ní alẹ́. Nígbà tí mo ṣí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, òórùn ilé tí a tì pa ni ó kọ́kọ́ lù mí, ìdí rẹ̀ sì ti bu, àmì dúdú kóńkóló mẹ́ta wà níbi tí wọ́n gé. Ara òde gbẹ, ṣùgbọ́n omi ṣì wà nínú amọ̀. Mo sè é lẹ́ẹ̀mejì nínú omi lásán, mo sá a sí oòrùn nígbà tí oòrùn yọ. Méjì nínú àwọn àmì náà lọ. Láti ìgbà náà, ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń jẹ́ kí ó gbẹ ní ìdojúdé, mo sì máa ń rì í sínú omi mímọ́ kí n tó da tíì sí i, kí amọ̀ lè mu omi yó kí ó tó kan tíì.

Ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá

Mo ti mu tíì nínú rẹ̀ ní ìgbà mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Kò jò mọ́ láti ìparí oṣù kẹsàn-án. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, tí ojú kò tilẹ̀ fẹ́ rí nígbà tí mo rà á, ti pọ́n bí omi tíì, pàápàá ní ìsàlẹ̀ níbi tí tíì ìkẹyìn máa ń dúró sí, àti ní apá ibi tí mo máa ń fi ẹnu kàn. Àmì dúdú kan ṣì wà ní ìdí. Mo ti kọ ọjọ́ tí mo rà á sórí bébà, mo fi sínú àpótí tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwo náà wà lójú fèrèsé ní ìdojúdé, ọ̀la ni yóò pé ọjọ́ márùn-ún.