Bọ́ílà ta ni?

Ẹ bá mi yọ̀ o, mo ti ra telescope, awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀! Àlòkù ni, £300, lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan ní Leeds níbí. Dígí inú rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 10. Ìyàwó mi wo àgbá telescope náà, ó ní, "Daddy Tómi, bọ́ílà ta lẹ gbé wọlé yìí?"

Èyí tí mọ́tò ń yí tẹ̀lé ìràwọ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú, àmọ́ àfi kí n ta ọkọ̀. Mo wá rò ó pé Júpítérì, pílánẹ́ẹ̀tì ńlá yẹn, ni mo fẹ́ yà; ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀, fídíò kúkúrú ti tó o, kò dìgbà tí mọ́tò bá wà. Bí dígí bá ṣe fẹ̀ tó lèèyàn ṣe ń rí i fínnífínní tó. Dígí ni kí owó mi bá lọ.

Lánàá, mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé fún wákàtí kan kí dígí náà lè tutù bí ìta. Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi létí! Mo ki lẹ́ǹsì Barlow, èyí tó ń mú kí àwòrán tóbi sí i, bọ̀ ọ́, mo so kámẹ́rà mọ́ ọn. Fìrì, Júpítérì ti kọjá lójú kọ̀ǹpútà. Mo fọwọ́ ti àgbá, ó tún kọjá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di aago kan òru.

Kọ̀ǹpútà ṣa àwòrán tó mọ́ jù nínú fídíò, ó tò wọ́n léra. Ọ̀já dúdú méjì yọ lára Júpítérì, kedere!

Mo jí ìyàwó mi. Ó wò ó títí. "Pílánẹ́ẹ̀tì tó ní òrùka ńkọ́?"